Ṣé a lè máa pe alága wa ní Ọ̀mọ̀wé?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan mú lẹ́tà wá fún alága wa, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, pé yunifásítì kan fẹ́ fi oyè ọ̀mọ̀wé dá wọn lọ́lá torí bọ́hòlù tí wọ́n gbẹ́ fáwọn ará àdúgbò àti owó ilé-ìwé tí wọ́n ń san fáwọn ọmọ òrukàn. Inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ ẹni tó mú lẹ́tà wá ní owó kan wà tá a ó kọ́kọ́ san, ẹgbẹ́ sì ti ń dá a. Àwọn kan tún ní ká kọ 'Ọ̀mọ̀wé' síwájú orúkọ bàbá nínú kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Mo ní ká ṣe sùúrù díẹ̀, wọ́n ní mò ń jowú. Kí ni oyè yìí gan-an, sà? Ṣé ó tọ́ ká máa pè wọ́n ní dókítà? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni lẹ́tà náà?"

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó ní ká wádìí kì í ṣe onílara. Àwọn tó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà jáde kí wọ́n tó mọ ibi tí lẹ́tà ti wá, àwọn ló lè kó bàbá sẹ́nu ayé. Ìdáhùn mi ní ṣókí nìyí: ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ má sì kọ Ọ̀mọ̀wé síwájú orúkọ wọn, ìbáà jẹ́ òótọ́ ni lẹ́tà yẹn, ìbáà jẹ́ ayédèrú. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ orúkọ, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó sì yẹ kí ìdí wọn yé yín dáadáa, torí ẹ̀yin lẹ máa dìde sọ ọ́ nípàdé. Ọ́fíìsì rẹ́jísírà, ìyẹn akọ̀wé àgbà yunifásítì, ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo mọ bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde.

Ẹni tó kàwé gba PhD, iṣẹ́ ló fi gbà á. Lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ àti máàsítà, ó tún jókòó ti ìwádìí kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ìwé ńlá lé e lórí, ó sì dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n da ìbéèrè bò ó títí òógùn fi bò ó. Ẹni tí wọ́n fi oyè ọ̀mọ̀wé dá lọ́lá kò gba fọ́ọ̀mù, kò ṣe ìdánwò, kò ní olùkọ́ kankan tó ń fi bíírò pupa fa ìlà sí ìwé rẹ̀. Yunifásítì wo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe, ó ní: a rí i, a sì dúpẹ́. Ọpẹ́ ni, ọpẹ́ tí odindi ilé-ẹ̀kọ́ pa pọ̀ dá ní gbangba, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn títí láé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ẹni náà kọ́ nílé-ìwé.

Kò yẹ kí èyí ṣòroó yé wa níhìn-ín. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin lè fi oyè dá ẹni tó ṣe ìlú lóore lọ́lá, kí wọ́n já ewé oyè sí i lórí, ká máa pè é ní Olóyè, kí onílù máa kì í bọ̀ lọ́nà. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti Ọ̀yọ́mèsì, kò sẹ́ni tó máa ní kó wá jókòó sí ààyè Baṣọ̀run, tàbí ti Ṣàmù, tàbí ti Alápìnni. Òun náà kò sì ní bínú, torí ó mọ̀ pé ọlá ni tòun, iṣẹ́ ìlú sì ni tiwọn. Bí oyè ọ̀mọ̀wé méjèèjì ṣe rí síra wọn gan-an nìyẹn.

Àṣà náà ti pẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí ni Lionel Woodville, tí yunifásítì Oxford fún lóyè bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1478. Ta ni Woodville? Àbúrò ìyàwó ọba Edward Kẹrin ni. Ẹ ò rí nǹkan? Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń wojú ààfin kí wọ́n tó gbé oyè kalẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan fún gómìnà kan lóyè, ẹ má rò pé Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n oyè yìí kan náà ti bọ́ sórí ẹni tó tọ́ sí gan-an. Ọmọ ilẹ̀ wa yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1821 ni wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, tí ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, lẹ́rú ní Òṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní 1827, ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó jáde ní 1843, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní 1864 tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Oxford fún un ní oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Kò ṣe ìdánwò fún un. Ta ló máa wo iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ṣe sórí èdè Yorùbá kó ní kò tọ́ sí i? Lónìí, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Ajayi Crowther, wà ní Ọ̀yọ́ láti 2005, lórí ilẹ̀ St Andrew's College àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa na ọwọ́ sókè nípàdé: "Ṣé wọn ò pe Crowther ní dókítà ni?" Wọ́n pè é. Wọ́n pe Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà náà ní Dókítà Franklin láti ìgbà tí yunifásítì St Andrews ní Scotland ti dá a lọ́lá ní 1759, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì péré ló lò nílé-ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé. Lásìkò tiwa yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà máa ń pe òǹkọ̀wé Maya Angelou ní Dókítà Angelou, oyè ìdánilọ́lá ló sì gbà, ó gbà á lọ́pọ̀ yanturu. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí ibì kankan láyé tí wọ́n ti ń ṣe é, irọ́ ló ń pa. Ọ̀rọ̀ ibi téèyàn wà ni.

Níbi tí a wà, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni lóyè náà ló ní kí a má ṣe é. Ní 2012, àwọn gíwá yunifásítì Nàìjíríà pàdé ní Keffi, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, wọ́n sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí yunifásítì má fi oyè ìdánilọ́lá fún ẹni tó bá ṣì wà nípò ìjọba, yálà wọ́n dìbò yàn án tàbí wọ́n kàn yàn án. Wọ́n ní yunifásítì tí kò bá tíì máa kọ́ èèyàn gba PhD kò gbọdọ̀ máa pín oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá. Wọ́n sì ní ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ fi "Dr" síwájú orúkọ rẹ̀. Àdéhùn àwọn gíwá ni, kì í ṣe òfin tí àwọn aṣòfin ṣe, ọ̀pọ̀ ló sì ti fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ní 2025, àjọ NUC tó ń ṣàkóso yunifásítì ilẹ̀ wa tún pariwo rẹ̀ sí gbogbo ayé létí. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni kí ẹni tí wọ́n dá lọ́lá máa jẹ́ dókítà, wọ́n sì ní àwọn ti tú àṣírí ibi 32 tí wọ́n ti ń tẹ oyè bí ẹni tẹ ìwé ìpè: yunifásítì tí kò níwèé àṣẹ, ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ilẹ̀ òkèèrè lòun wà, títí kan ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ rárá.

Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Ẹ wo ògiri Tákié ní Ògbómọ̀ṣọ́ yín lásìkò ìbò, tàbí ìwé ètò ìsìnkú èyíkéyìí tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́: Alhaji Olóyè Dókítà Onímọ̀-ẹ̀rọ, kó tó wá kan orúkọ. Bí ẹni tó lo ọdún mẹ́fà nínú láábù ní LAUTECH, yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ yín, àti ẹni tí wọ́n fún ní káádì ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, oyè tí ọmọ tálákà fi ojú oorun wá ti di yẹpẹrẹ nìyẹn. Ó tún ń pa ẹni tí wọ́n dá lọ́lá lára. Bí bàbá yín bá ń jẹ́ Ọ̀mọ̀wé, ohun tí àlejò kọ́kọ́ máa bi wọ́n ni "Kí lẹ kà? Níbo lẹ ti kà á?" Kí ni wọ́n fẹ́ dáhùn? Ẹni tó gbẹ́ omi fún àdúgbò, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa bi í ní ìbéèrè tó máa jẹ́ kó wo ilẹ̀?

Ọbásanjọ́ ti gba oyè ìdánilọ́lá kó tó di pé ó padà sílé-ìwé lágbà. Ó ti jẹ ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé sí NOUN, ìyẹn National Open University of Nigeria, ó kọ iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n sì fún un ní PhD nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní 2018. Ohun yòówù kéèyàn sọ nípa rẹ̀, lórí èyí, ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà méjèèjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí lẹ́tà yín.

Ní yunifásítì gidi, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè dìde lórí àga kó ní òun fẹ́ fún ẹnì kan lóyè, gíwá gan-an kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan, ó lè jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, máa dá orúkọ náà, á sì kọ ìdí tó fi yẹ. Ìgbìmọ̀ kékeré kan tí Sẹ́nétì, ìyẹn ìjókòó gbogbo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, yàn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á béèrè nípa èèyàn náà lábẹ́lẹ̀, nígbà míì ní ìlú rẹ̀ gan-an, láìjẹ́ kó mọ̀. Àwọn orúkọ máa ń já sílẹ̀ níbẹ̀, àríyànjiyàn sì máa ń gbóná: mo ti rí ọjọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ nítorí orúkọ olówó kan. Èyí tó bá yọ máa lọ sí Sẹ́nétì kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ aláṣẹ tó ga jù ní yunifásítì. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá fọwọ́ sí i ni rẹ́jísírà tó kọ lẹ́tà, yóò sì sọ nínú rẹ̀ pé Sẹ́nétì àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti fọwọ́ sí i, yóò dárúkọ oyè náà ní pàtó, á béèrè bóyá ẹ gbà á, á sì sọ ọjọ́ ìgboyèjáde.

Sẹ́nétì lè kọ̀ o. Ní 1985, wọ́n gbé orúkọ Margaret Thatcher síwájú àwọn olùkọ́ Oxford. Olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà náà, Oxford náà ló sì ti kàwé. Àwọn tó jẹ olórí ìjọba ṣáájú rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí wọ́n ti kàwé níbẹ̀, ti gba tiwọn. Ṣùgbọ́n inú àwọn olùkọ́ ò dùn sí bí ìjọba rẹ̀ ṣe ń gé owó ẹ̀kọ́. Wọ́n dìbò: 319 ní kí wọ́n fún un, 738 ní rárá. Kò gbà á. Yunifásítì tún lè gba ohun tó fúnni padà: Edinburgh fi oyè dá Robert Mugabe ti Zimbabwe lọ́lá ní 1984, wọ́n gbà á padà ní 2007. Àwọn míì kì í fúnni rárá. MIT àti Stanford ní Amẹ́ríkà kò ní irú oyè bẹ́ẹ̀ nílé, kò sì sẹ́ni tó ní orúkọ wọn kéré.

Bí ẹ kò bá tíì rí ọjọ́ náà rí, bó ṣe máa ń lọ nìyí. Wọn á tò wọlé pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ yunifásítì níwájú, gbogbo èèyàn á dìde. Ṣáńsẹ́lọ̀, olórí yunifásítì nípò ọlá, á jókòó sáàárín. Ọba alayé ló sábà máa ń di ipò yẹn mú lọ́dọ̀ wa, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta tó wàjà ní 2022 ṣe é fún yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gba tiwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá síwájú, pẹ̀lú gáùn pupa tí yunifásítì fi rán an, fìlà pẹlẹbẹ lórí. Agbẹnusọ yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá, á wá ka ìtàn rẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, ohun tó ṣe, ìdí tí wọ́n fi pè é. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan wà tí wọ́n ń ka tirẹ̀ lọ́jọ́ kan, oníṣòwò aṣọ òkè ni. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ka orúkọ abúlé rẹ̀, ó yí padà wo àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń mi orí, bí ẹni pé wọ́n ń sọ ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí, Ṣáńsẹ́lọ̀ á sọ̀rọ̀ àṣẹ, wọ́n á fi húùdù kọ́ ọ lọ́rùn, ó parí. Ẹni tí wọ́n dá lọ́lá kò sanwó gáùn, kò sanwó àga.

Owó wá ni ọ̀rọ̀ tó kù, ibẹ̀ ló sì ti yẹ ká fara balẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: yunifásítì máa ń dá olówó lọ́lá, wọ́n sì máa ń retí ìrànwọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, tó ń san owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún mélòó kan, tí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ́lá, tí wọ́n wá ń rọra sọ létí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan pé òrùlé ilé-ìkàwé ń jò, ojú máa ń tì mí díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bẹ láàlà. Àmọ́ kí wọ́n ní kí ẹ san iye kan pàtó kí oyè tó jáde, ìyẹn ti di ọjà. Orúkọ tí wọ́n bá sọ owó náà kò yí i padà: owó ìforúkọsílẹ̀, owó àyẹ̀wò, owó gáùn, owó tábìlì. Bí ẹ bá san án, ẹ ti rà á, bí ọ̀rọ̀ bá sì tú síta lọ́jọ́ kan, ìwé owó tí ẹ san ló máa jẹ́ ẹ̀rí.

Nítorí náà, bí ohun tí ẹ kọ yìí bá rí bẹ́ẹ̀, ara fu mí sí lẹ́tà yẹn. Ó ṣì lè jẹ́ pé yunifásítì náà jẹ́ òótọ́, ẹni tó mú lẹ́tà wá ló ń fi orúkọ wọn jẹun. Ó ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ wo orúkọ yunifásítì náà nínú àkójọ tí NUC gbé sórí ìkànnì wọn, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni ló wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí wọ́n bá ní ilẹ̀ òkèèrè làwọn wà, ẹ béèrè ibi tí ọgbà wọn wà àti ẹni tó ti kàwé jáde níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i: bí kì í bá ṣe rẹ́jísírà tàbí gíwá, bí nọ́ńbà fóònù ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹni tó mú un wá, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ wo ibi tí wọ́n fẹ́ ti ṣe ayẹyẹ náà. Ọgbà yunifásítì, lọ́jọ́ ìgboyèjáde, ni yunifásítì ti ń dá èèyàn lọ́lá, kì í ṣe gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Abuja tàbí ní Cotonou lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí: orúkọ oyè náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń fúnni ní D.Litt. (ti lítíréṣọ̀), tàbí LL.D. (ti òfin), tàbí D.Sc. (ti sáyẹ́ǹsì). Bí lẹ́tà bá ní wọ́n fẹ́ fi "PhD" dá yín lọ́lá, ẹ rọra pa á dé. Iṣẹ́ ìwádìí ni PhD, lọ́dọ̀ wa níbí, wọn kì í fi ṣe ẹ̀bùn.

LAUTECH wà láàárín yín níbẹ̀ láti 1990, orúkọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì ń jẹ́, Ládòkè Akíntọ́lá tó jẹ Kakaǹfò kẹtàlá. Kò lè má sí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan tó ní àbúrò tàbí àna tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fún un ní lẹ́tà náà kó kà á. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yunifásítì máa mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún bóyá ẹlẹgbẹ́ òun ló kọ ọ́.

Ká ní ó já sí òótọ́ ńkọ́? Ẹ yọ̀, ẹ rán aṣọ, ẹ pe onílù. Nínú kàlẹ́ńdà, ẹ fi fọ́tò bàbá pẹ̀lú gáùn pupa sí àárín, ẹ kọ orúkọ wọn bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Alhaji tàbí Olóyè tàbí Alàgbà, kí ẹ wá fi oyè náà sẹ́yìn orúkọ, báyìí: D.Litt. (h.c.), h.c. yẹn ló ń sọ pé oyè ìdánilọ́lá ni, pẹ̀lú orúkọ yunifásítì nísàlẹ̀. NUC kò ní ohunkóhun lòdì sí ìyẹn. Alága ìjókòó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá ń pè wọ́n síwájú, pé yunifásítì báyìí báyìí ló fi oyè ọ̀mọ̀wé dá wọn lọ́lá lọ́dún báyìí, kí onílù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, "Bàbá wa" tó. Bí bàbá bá sì ní ìwé ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ tàbí ilé ìfowópamọ́, abẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ ẹ̀bùn àti ọlá sí ni kó wà. Kò gbọdọ̀ dé abẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ ilé-ìwé sí, kò sì gbọdọ̀ wọ inú ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ìbúra.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún wọn ló le jù, mo mọ̀. Ẹ má sọ ọ́ nípàdé kí wọ́n tó gbọ́ ọ nílé. Ẹ mú ọ̀rẹ́ wọn kan tó dàgbà dání, ẹ lọ lálẹ́ tí ọjà ti tú, ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ọ̀rẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ má wí pé lẹ́tà náà jẹ́ irọ́, ẹ ò tíì mọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ọlá bàbá dúró ṣinṣin, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí rẹ́jísírà yunifásítì náà ní tààrà. Kò sẹ́ni tó máa kọ̀ láti gba lẹ́tà ọpẹ́. Nínú rẹ̀ ni ẹ ti máa béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, báyìí: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ọlá tí ẹ fẹ́ fi fún alága wa. A fẹ́ kí ẹ bá wa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà tí a so mọ́ èyí ti wá, pé Sẹ́nétì yín ti fọwọ́ sí i, àti pé kò sí owó kankan tí alága wa tàbí ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ san kí wọ́n tó gbà á." Ẹ wá àdírẹ́sì wọn fúnra yín lórí ìkànnì yunifásítì. Ẹ má lo èyí tó wà nínú lẹ́tà. Bí ọ̀nà bá gbà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà rẹ̀ fún un.

Kí owó tí ẹ ti dá jọ wà lọ́wọ́ akápò. Bí ìdáhùn bá dára, tí inú ẹgbẹ́ sì dùn láti ran yunifásítì náà lọ́wọ́, ẹ dúró di ẹ̀yìn ìgboyèjáde, kí ẹ san án sínú àpò ìfowópamọ́ yunifásítì fún ohun kan tó ní orúkọ, bí owó ilé-ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọdún kan. Bí ìdáhùn kò bá dé, ẹ má tún kọ lẹ́tà mìíràn sí ẹni tó mú ti àkọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ kí bàbá gbọ́ pé ẹ̀ ń dúró de rẹ́jísírà, kí ẹ sì fi fọ́tò bọ́hòlù náà sínú kàlẹ́ńdà pẹ̀lú orúkọ wọn àti ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Tó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni, rẹ́jísírà máa ní kí ẹ fi ìtàn ìgbésí ayé bàbá ránṣẹ́ kí agbẹnusọ lè rí nǹkan kà. Iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ abúlé, orúkọ ìyá tó bí wọn, ọdún tí wọ́n ṣí ìsọ̀ àkọ́kọ́ àti orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n rán níwèé, bí àwọn ọmọ náà bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn. Ẹ kọ àmì ohùn sórí gbogbo orúkọ, torí agbẹnusọ lè má gbọ́ Yorùbá.